Ọta Méjì Lára Òkìtì Ọ̀gán

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Ìdí-Ayin, létí odò Ọ̀yán. Ọdẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìnlọ. Ojú rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, àmọ́ ó gbéra ga, kò sì ní sùúrù. Ó ra ìbọn òyìnbó kan tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ti gbogbo ọdẹ abúlé lọ, tí igi ìdí rẹ̀ ń dán bíi dígí. Inú àpò kan ṣoṣo ló ń da ọta rẹ̀ sí: èyí tó wúwo, èyí tó fúyẹ́, èyí tó ti dípẹtà. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti bà ló ń kì sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ògúnwùmí, tí bàbá wọn kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ kó tó kú, kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ kan.

“Àbúrò mi, gígùn ìbọn kọ́ ló ń mú ọta lọ tààrà. Wo ọ̀pá tèmi. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ó nípọn, kì í gbọ̀n. Ìlà tó lọ́ nínú rẹ̀ kò tíì pa rẹ́, òun ló ń yí ọta kó má baà ṣáko. Ọta tó bá a mu nìkan ni mo sì ń kì sí i. Ṣé o ti dán tìrẹ wò láti ọ̀nà jíjìn?”

Ọdẹ́rìnlọ rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ara ẹran ni èmi ti ń dán tèmi wò.”

Nígbà tí òjò dé, tí èso èmì tí wọ́n fi ń ṣe òrí ń já bọ́, Àṣàkẹ́, ìyàwó Ọdẹ́rìnlọ, tukọ̀ sọdá odò láti lọ ṣa èso. Òjò ńlá ti rọ̀ lókè odò, kò sì mọ̀. Kó tó di ọ̀sán, omi ti kún dé ẹnu, ó sì ti gbé ọkọ̀ náà lọ. Ibi tí àwọn ará abúlé ti ń wá bí wọn yóò ṣe gbé e padà ni wọ́n ti gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹfọ̀n kan ti lé e gun igi èmì kékeré kan ní òdìkejì. Ẹranko náà ń fi ìwo kan igi ọ̀hún, gbà! Á fà sẹ́yìn, á tún sáré padà wá, gbà! Igi náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yẹn. Láti etí odò dé ìdí igi tó ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ sáré gbé ìbọn rẹ̀ wá, ó yìn ín. Ọta bọ́ sínú omi. Ó ki òmíràn tí kò jọ ti àkọ́kọ́. Ibi kan náà ló fojú sùn, àmọ́ ẹ̀ka igi tó wà lókè orí Àṣàkẹ́ ló já bọ́. Obìnrin náà figbe ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ̀ kúrò lórí igi.  Ọdẹ́rìnlọ fi ìbọn sílẹ̀, kò ki ọta kẹta mọ́.

Ìgbà náà ni Ògúnwùmí dé. Ó fi àyà dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó gbé ìbọn rẹ̀ lé orí òkúta. Ṣùgbọ́n kò kọjú sí ẹfọ̀n. Òkìtì ọ̀gán kan ní òdìkejì, tó jìnnà sí igi náà lápá ọ̀tún, ló kọjú sí.

“Kí lẹ ń ṣe?” Ọdẹ́rìnlọ kígbe. “Igi yẹn ń wó lọ! Ẹfọ̀n ni kí ẹ yìnbọn fún!”

“N kò tíì yìnbọn kọjá odò yìí rí,” ni ó dáhùn láìgbójú sókè. “Bí mo bá ṣì í, ìyàwó rẹ ni yóò bá.”

Ó yìn ín. Eruku pupa sọ lápá òsì ibi tó fojú sùn. Ẹnì kan bú u. Ó tún yìn ín. Eruku sọ níbi kan náà gẹ́lẹ́. Lódìkejì, gbòǹgbò igi ti ń yọ síta.

“Ìbọn mi ṣì í,” ó ní, “ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ti ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í.”

Ó wá kọjú sí ẹfọ̀n, ó sì fojú sun apá ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀. Lójijì afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Ògúnwùmí náà dúró dè é kó tún fẹ́. Ọdẹ́rìnlọ kúnlẹ̀, ó ki fìlà rẹ̀ bọnu, ó ń sunkún. Ẹfọ̀n fà sẹ́yìn, ó tẹ orí ba. Koríko tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìbọn dún. Ẹfọ̀n ṣubú lórí eékún, ó dìde, ìbọn tún dún. Kò dìde mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí ọkọ̀ láti abúlé kejì fi gbé Àṣàkẹ́ padà. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Ta ló yin ìbọn tó gé ẹ̀ka lórí mi?”

 “Èmi ni,” ni Ọdẹ́rìnlọ dáhùn.

 Àṣàkẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ilé Ògúnwùmí ló sì sùn títí di ọjọ́ kẹsàn-án. Ojoojúmọ́ ni ọkọ rẹ̀ ń lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kó tó gbà láti padà sílé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ kò bá dán wò lọ́jọ́ ìrọ̀rùn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ kó lè mọ àṣìṣe ara rẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ojo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.