Àbúrò Kọkàndínlógún

Kò sẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Rachael tó sọ pé òun lòun ń ṣàìsàn. Àbúrò wọn ni. Dókítà á wá, á ní àbúrò òun ò sùn mọ́. Nọ́ọ̀sì á wá, àbúrò rẹ̀ ló ń sunkún lẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ kan wà tó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà, tó fẹsẹ̀ rìn wá, nítorí àbúrò náà ni.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Rachael fi tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́. Lọ́dún kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kan yá a ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí wọn, kó máa lò ó ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn tó ń fi ìwé-àṣẹ ṣiṣẹ́ ló ń wá síbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ wọn bá gbọ́ pé orí wọn ò balẹ̀, ìwé-àṣẹ lọ nìyẹn. Ìtìjú ọ̀hún ń pọ́n wọn lójú ju àìsàn gan-an lọ. Rachael kì í béèrè orúkọ. Á kọ "Àbúrò" sórí káàdì, á fi nọ́ńbà sí i, á ní, "Ẹ sọ fún un pé kó máa sinmi." Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á mi orí, ó ti gbọ́ tirẹ̀. Inú Rachael ń dùn sí ọgbọ́n yìí. Ó máa ń sọ pé òun ò tú ẹnikẹ́ni láṣọ rí.

Oṣù Kẹta ni ìkọkàndínlógún wọlé. Ó ní Dúrójayé lorúkọ òun, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ó tó ẹni ogójì ọdún. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà létí ọwọ́ rẹ̀. Ó ní tíṣà lòun ní Ẹmùrẹ́, báyọ́lọ́jì lòun ń kọ́ wọn. Àbúrò òun ló níṣòro. Apòògùn ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìsẹ̀. Ó ṣèèṣì fún ọmọ ọlọ́mọ kan ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ọmọ náà ò lajú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ náà ti gbádùn báyìí, ó ti ń sáré kiri. Àmọ́ ìgbìmọ̀ àwọn apòògùn ti kọ̀wé pé kí àbúrò wá sọ tẹnu rẹ̀, àbúrò fúnra rẹ̀ sì ti ti ṣọ́ọ̀bù pa.

"Ojú ń tì í, mà," ni Dúrójayé wí. "Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọ ilé ara rẹ̀."

Rachael wo lẹ́búlẹ́bú tó wà lára ẹ̀wù náà. Àánú ọkùnrin náà ṣe é. Ó bi í bóyá àbúrò rẹ̀ ń jẹun. Dúrójayé ní òun ò mọ̀, òun á bi í. Ó yọ ìwé jáde, ó kọ gbogbo ìbéèrè náà sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Rachael ò yọ ọ́ lẹ́nu. Oníkálukú ló mọ bó ṣe ń fi ara rẹ̀ pamọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó mú èsì wá, ó kà á jáde látinú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń jẹun. Ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà nígbà tí kò sí ọmọ kankan nítòsí. Rachael di oògùn sínú ìwé fún un. Ó ní kí àbúrò lọ jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀, wọ́n lè dá a dúró díẹ̀, wọn ò ní pa á. Ó tún ní kó má dá wà rárá. Dúrójayé ní ó ń dá gbé ni, ìyàwó rẹ̀ wà ní Èkó. Ó bi Rachael bóyá kí òun máa lọ sùn tì í. Rachael rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìyẹn náà dáa, kí ó fà á mọ́ra.

Nígbà kẹta, etí àga ni Dúrójayé jókòó sí. Ó ní àbúrò òun ò lo oògùn. Àbúrò ní òun mọ ohun tí oògùn lè ṣe, kì í ṣe oògùn lòun ń fẹ́, ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi dé Ìsẹ̀. Èmi ni n ó sanwó ọ̀kadà. Kí ẹ ṣáà rí i."

Rachael gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ti rí i," ló wí. "Bó bá ti ṣetán, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé òun rèé."

Ojú ti Dúrójayé bí ẹni tó tọrọ ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ní ẹ ṣeun, ó sì jáde. Rachael kọ ọ́ sórí káàdì pé ó kù díẹ̀.

Kò wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ló tó yọjú. Kò fá irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì dúró lójú ilẹ̀kùn láìkí ẹnikẹ́ni. Inú Rachael dùn. Ó ti mọ ojú ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́. Ó pa fèrèsé dé, ó fà á wọlé, ó fún un ní àga.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àbúrò sílẹ̀ lónìí," ló wí. "Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ sọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín."

"Àná ni wọ́n sin ín, mà," ni Dúrójayé wí. "Wọn ò jẹ́ kí n dé ìdí sàréè, torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n."