Ọ́ìlì Tí Bàbá Ń Dà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, bàbá jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó tú ọ́ìlì àtijọ́ kúrò nínú alùpùpù ọmọ rẹ̀, ó sì da tuntun sí i. Bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù nìyẹn. Awakọ̀ lọ́rì ni kó tó fẹ̀yìn tì, irú ọ́ìlì tó fi tọ́jú lọ́rì rẹ̀ ló sì ń rà fún alùpùpù náà. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi àkísà nu ibi tí ọ́ìlì ta sí. Nígbà tí alùpùpù náà ṣì wà ní tuntun, ọmọ yìí ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ẹni tó tà á fún òun sọ pé alùpùpù ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ́ìlì tó gbé ẹrù sìmẹ́ǹtì gun òkè, ìwọ àti abọ́ oúnjẹ rẹ ni kò wá ní lè gbé?"

Ọmọ náà bá a rẹ́rìn-ín, kò sì tún sọ ọ́ mọ́. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ló máa ń wí látìgbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tó yẹ kó máa bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a ní títì ìlapákó. Kò délé mọ́.

Téèyàn bá jáde nílé wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni títì ìlapákó wà, ó sì jìnnà. Ohun tí àwọn tó wá kí wọn ń bi ara wọn nìyẹn: kí ló lọ ṣe níbẹ̀? Níbi ìsìnkú, obìnrin kan tí ẹbí kò mọ̀ rí dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, ó ń sunkún láìpariwo, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìbòrùn. Nígbà tí ìyá àgbà kan nawọ́ sí i, kò mú ọwọ́ tirẹ̀ jáde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti wádìí pé títì ìlapákó ló ti wá.

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti bàbá. Àwọn èèyàn mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Fún bàbá ẹni tó kú lọ́nà ilé àlè, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ á dákẹ́ wẹ́lo, àfi ìró àlùmọ́gàjí. Ó wá di ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó yọ àwòrán ọmọ rẹ̀ lára ògiri pálọ̀, ó ní ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wo ìṣó náà bó ṣe ń dán.

Ìyàwó náà ní ohun tó mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ fún bàbá pé lóṣooṣù, ó ní ọjọ́ kan tí ọkọ òun máa ń pẹ́ wálé. Á ní iṣẹ́ ló dá òun dúró, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa rùn fún ọṣẹ tí kì í ṣe ọṣẹ ilé àwọn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń di ẹrù. Ọmọ wọn, tí kò tíì rìn dáadáa, jókòó sáàárín aṣọ, ó ń tú èyí tí ìyá rẹ̀ ti ká.

"Bàbá, mi ò lè máa ṣọ̀fọ̀ ọkọ tí obìnrin mìíràn náà ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀."

Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà dúró di ìrọ̀lẹ́, kí òun lọ fojú ara òun rí i. Tí obìnrin bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun fúnra òun ni yóò bá a ru ẹrù rẹ̀ dé ilé àwọn òbí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Lójú ọ̀nà, ó ń to ohun tó máa sọ. Kò ní bú obìnrin náà. Á béèrè bóyá ọmọ wà. Tí ọmọ bá wà, á béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé títì ìlapákó, ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń to pákó bóyá ó mọ obìnrin tí ọlọ́kọ̀ alùpùpù pupa kan máa ń wá kí. Ọkùnrin náà mirí, ó kẹ́dùn, ó sì nawọ́ sí ọgbà kan tí wọ́n fi páànù yí ká.

Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí alùpùpù kan tí wọ́n ti tú palẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá rẹ̀ sì dúdú fún gírísì títí dé ìgúnpá. Ó dá bàbá mọ̀. Ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn kó tó kí i.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá ti tò tú ká. "Ṣé ọmọ wà láàárín yín?"

Kò kọ́kọ́ yé obìnrin náà. Nígbà tó yé e, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, gírísì sì kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Bàbá, máṣíìnì ẹ̀ ni mò ń bá a ṣe. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ọ́ìlì lọ́rì ò bá a mu, ṣe ló ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, kò ní fẹ́ sáré. Àmọ́ ó ní inú yín máa ń dùn tẹ́ ẹ bá ń dà á, òun ò sì lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti dà á lónìí, ọ̀la ló máa gbé e wá kí n tú ọ́ìlì náà, kí n da ti alùpùpù sí i."

Bàbá bi í pé ṣé ó wá ń da èyí tó bá tú nù ni.

"Dà á nù kẹ̀? Ó ní ọ́ìlì bàbá òun ni."

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá páànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀: àwọn kẹ́ẹ̀gì tò sára ògiri, ọ́ìlì inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bí ìgbà tí bàbá ń dà á, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ṣófo, obìnrin náà ti fọ̀ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó ń retí ọmọ náà.