Báàgì Orí Táńkì Mọrádéùn

Mọrádéùn ti gun alùpùpù dé Sókótó rí, nítorí náà kò rò pé ẹnikẹ́ni lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń yan báàgì tí wọ́n ń gbé lé orí táńkì epo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ó ti ju mẹ́rin sílẹ̀ níwájú Baba Lánihùn tó ń tà wọ́n. Ọ̀kan ga jù, òmíràn ò lè dènà òjò. Ó ń pòṣé ṣáá.

Nǹkan kan họ inú táńkì alùpùpù rẹ̀ tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà.

"Ooru ni," ló sọ fún Baba tó yíjú wò ó.

Baba na báàgì dúdú kan sí i. "Òòfà tó ń fa irin mọ́ra ló wà nídìí eléyìí. Kò nílò okùn."

Mọrádéùn bú sẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Baba, ike ni táńkì mi. Òòfà wo ló ń lẹ̀ mọ́ ike? Ẹ ò tiẹ̀ mọ ọjà yín!"

Ó gbé e lé táńkì kí ojú lè ti bàbá náà. Báàgì náà lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò ṣí. Òwú tí wọ́n fi rán ìdí rẹ̀ ló já, òòfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Mọrádéùn. Síbẹ̀, báàgì ò kúrò.

Baba ti sún sẹ́yìn. "Ọmọ mi," ó rọra béèrè, "ta lo gbé wá?"

Mọrádéùn jọ̀wọ́ báàgì náà. Ohun tó wà nínú táńkì sì rọra fà á mọ́ra, bí ẹni tí òtútù mú ṣe ń fa aṣọ ìbora.