Koríko Tó Di Yanrìn Mú

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òkun ti jẹ etíkun kan ní Adelaide dé ẹ̀bá pápá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kó òkúta dà síbẹ̀. Ìwádìí kan ṣoṣo ló ń bá wọn jiyàn, ìwádìí oyè kejì láti ẹ̀ka tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣètò ojú ilẹ̀ ní yunifásítì. Ó ní bí a bá gbin koríko ibẹ̀ gan-an, tí a sì yí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba ibòmíràn, yanrìn yóò dúró. Abala mẹ́ta tí wọ́n fi okùn yí ká lórí òkìtì yanrìn ni gbogbo ẹ̀rí rẹ̀. Bí ìgbà òtútù bá kó wọn lọ, ó parí nìyẹn.

Despina Karvelas ló ń tọ́jú wọn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Irun ló ń ṣe fún àwọn obìnrin kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Láràárọ̀ ni yóò wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀ kí bàtà òjò tó tóbi jù ú lọ lè dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yóò gbé ọ̀pá ìwọ̀n, yóò lọ wo bí yanrìn ṣe ga tó. Lákọ̀ọ́kọ́, kò tilẹ̀ mọ koríko kan yàtọ̀ sí èkejì.

Neville, apẹja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò náà, kì í jẹ́ kó gbádùn.

“Ìyáàfin Yanrìn! Àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé ọmọ-ọmọ jó nílé, ẹ̀yin ń ṣe ìwádìí. Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ fẹ́ dà ni?”

Despina tẹjú mọ́ ọ̀pá rẹ̀. “Ẹja mélòó lẹ ti pa láàárọ̀ yìí?”

“Ẹyọ kan ò sí.”

“Ẹ wá bá mi di okùn yìí mú nígbà náà, ọ̀gá apẹja.”

Neville rẹ́rìn-ín, ó fi ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá.

Thanasis, ọkọ Despina, ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ koríko sétí. Láti ọdún tó kọjá, kò fẹsẹ̀ kan etíkun.

“Despina, kí ni ìwé yìí máa dá padà fún wa?” ó bi í nídìí oúnjẹ.

“Mi ò ní kó dá nǹkan kan padà.”

“Òtútù á pa ẹ́ níbẹ̀.”

“Ẹ bá mi lọ, kẹ́ ẹ di agboòrùn mú fún mi.”

Thanasis gbé ṣíbí kalẹ̀, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ọbẹ̀ rẹ̀ tutù síbẹ̀.

Lóṣù Kẹjọ, láàárín ìgbà òtútù ibẹ̀, ìjì jà mọ́jú. Nígbà tí Despina débẹ̀, òkun ti gbé abala kìíní lọ. Ó ti gbé èkejì náà lọ. Koríko ẹ̀kẹta dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n yanrìn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Despina kúnlẹ̀, ó ń fi ìka ya á bí ẹni ń ya irun, ó sì sunkún títí Neville fi sáré dé.

“Ó dúró, Neville. Ó dúró.”

“Mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.”

Ọ̀mọ̀wé Imogen Farr, olùdarí ìwádìí náà, ló mú Despina lọ síwájú àwọn olùyẹ̀wò. Despina ka àbájáde ìwádìí náà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé èé ṣe tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n yàn, tí kì í ṣe ibòmíràn. Despina yíjú sí Imogen. Imogen gbá a lọ́wọ́ mú, ó sì dáhùn fún un. Kò sẹ́ni tó bínú sí i.

Ìwádìí náà yege. Ìjọba ìbílẹ̀ ò da òkúta mọ́.

Lọ́jọ́ ìgboyè, Thanasis wọ kóòtù, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ náà, gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, Despina sì gòkè lọ gba ìwé ẹ̀rí Lefteris, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ẹni tó gbin koríko náà, tí òkun sì gbé òun fúnra rẹ̀ lọ kí koríko tó ta gbòǹgbò.