Orin Tí Dókítà Wá Gbà Sílẹ̀

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni Lérè máa ń tan fóònù rẹ̀. Á rìn kúrò ní abà tó sá pamọ́ sí, á dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, á pe ìyá rẹ̀ ní Iyansan, á sì tún pa á. Ní Àìkú tó kọjá, ohùn rẹ̀ mókun díẹ̀.

"Màmá, Dókítà Bọ́lánlé Ọlápàdé kan ń bọ̀ wá bá yín láti yunifásítì. Ó ń kọ ìwé lórí orin ayé àtijọ́ àti bí àwa ọ̀dọ́ ṣe ń fi gìtá kọ ọ́. Orí Wasáàpù la ti máa ń kọ̀wé síra wa. Tó bá dé, ẹ kọrin fún un. Tí ìwé yẹn bá jáde, àwọn èèyàn á mọ ohun tí wọ́n fojú wa rí."

Eunice, ìyá Lérè, mọ ohun tí wọ́n fojú wọn rí. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọ̀dọ́ onírun dàda, àwọn tó wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, péjọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú Ìrẹ̀lẹ̀ fún orin ọjọ́ méjì gbáko. Wòlíì ìjọ Eunice ti wàásù takò wọ́n kí ọjọ́ náà tó pé. Orin tí Eunice máa ń kọ tó bá ń bẹ gbágùúdá tó fẹ́ fi ṣe púpurú ni Lérè gbé gorí gìtá. Ó wá fi orúkọ ọ̀gá ńlá tó gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ sí i. Gbogbo pápá bá a gbè é.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn jàǹdùkú ọ̀gá náà ti dáná sun ẹ̀rọ orin wọn. Wọ́n ká Prosper, tó máa ń bá Lérè ta gìtá, mọ́ ilé rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ. Ọjọ́ kẹta ni àwọn ará ìlú rí i lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ni wọ́n ti fọ́. Ọjọ́ yẹn ni Lérè sá lọ. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò bá ti rọra kọjá níwájú ilé, Eunice á sáré yọjú lójú fèrèsé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, bí Eunice ṣe ń bẹ gbágùúdá lọ́wọ́, mọ́tò kan dúró níwájú ilé. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó mú ìwé dání. Ọkùnrin méjì tó bá a wá kò jáde nínú mọ́tò. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé o, mà. Ìyá Lérè ni mò ń wá."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Eunice. "Ṣé ẹ̀yin ni Dókítà Bọ́lánlé?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, mà."

Ọkàn Eunice wálẹ̀. Ó fún un ní àga àti omi, ó gbé gbágùúdá mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Àlejò gbé fóònù sítòsí ẹnu rẹ̀. Kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí àlejò fi pa fóònù.

"Ó ti tó, mà. Ẹ ṣé gan-an. Lérè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Níbo ló wà báyìí?"

"Ṣé ẹ̀yin àti òun kì í jọ sọ̀rọ̀ ni?"

"Fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ẹ̀ já sómi lánàá, mà."

Kí Eunice tó fèsì, Olúwaṣìkẹ́mi tó ń ta búrẹ́dì ní oríta sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá Lérè! Ọkùnrin kan wà lórí ọ̀kadà, ó ń béèrè ilé yín. Òun náà ni wọ́n rí lánàá tó ń ya fọ́tò pápá yẹn ní Ìrẹ̀lẹ̀. Mi ò dúró gbọ́ tẹnu ẹ̀. Mo júwe ọ̀nà ilé ìwé fún un kó lè pẹ́."

Eunice dìde, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Àlejò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àwọn ni, mà. Bí wọ́n ṣe wá mú Prosper náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè gbé Lérè kúrò níbi tó wà. Mọ́tò rèé níta."

"Jésù, gbà mí o. Ọmọ mi kan ṣoṣo."

"Ẹ sọ ibẹ̀ fún mi, mà. Kò sí àsìkò."

Eunice sọ ọ́. Ó sọ ojú ọ̀nà tí wọ́n á gbà, afárá tí wọ́n á kọjá, àti etí omi tí wọ́n á dúró sí, nítorí abà náà wà ní òdìkejì.

"Àmọ́ kò ní jáde sí yín. Ó ní òun ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

"Kí la máa wá ṣe?"

Eunice wo ojú rẹ̀. "Ẹsẹ kejì wà nínú orin yẹn. Kò kọ ọ́ ní pápá. Òun nìkan ni mo kọ ọ́ fún rí, nígbà tó wà lẹ́yìn mi. Tó bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé èmi ni mo rán yín."

Ó kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àlejò gbà á sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì títí ohùn rẹ̀ fi bá a mu, ó dìde, mọ́tò sì lọ.

Olúwaṣìkẹ́mi sá lọ sílé rẹ̀. Eunice ti ilẹ̀kùn, ó gbé àga tì í, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi dé. Ẹsẹ̀ bàtà gun pèpéle.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Ìyá Lérè?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn, ó dúró, ó tún kàn án. Eunice ń fọkàn bá mọ́tò náà rìn. Wọ́n á ti kọjá afárá báyìí. Wọ́n á ti dé etí omi. Ó ṣeé ṣe kí Lérè ti gbọ́ orin náà, kó ti máa wa ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Ìbẹ̀rù tó ti dè é láyà láti oṣù Kejìlá bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

"Ẹ ti pẹ́ jù," ó sọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ọmọ mi ti lọ."

"Ó ti lọ? Ta ló mú un lọ, mà?"

Níta, ọkùnrin náà ń tú báàgì, lẹ́yìn náà ó ti káàdì kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Eunice gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó rí òǹtẹ̀ yunifásítì, ó rí fọ́tò ọkùnrin kan, ó sì rí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: Dókítà Bọ́lánlé Ọlápàdé.