A Fi D Sọ̀kalẹ̀ Òkè

Ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, torí àlùfáà Búdà kì í dá nìkan bá obìnrin rìn. Ìdí nìyẹn tí Bunrueang fi ránṣẹ́ pe Kraisorn, ọkọ Phikun, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá. Sàárà ọdún kan Phikun ni wọ́n fẹ́ ṣe nílé, nísàlẹ̀ òkè, àlùfáà sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ jẹun kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kraisorn kò lè kọ̀. Kí eérú Phikun tó tutù ló ti gbé ìyàwó mìíràn wọlé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti kún ẹnu ayé tẹ́lẹ̀. Nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì, ó nawọ́ pé kí ìyá ìyàwó òun fún òun ní kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n wà á, Màmá. Àná òde yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ̀ wà."

"Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé àlùfáà délé. Àbí o ń bẹ̀rù obìnrin ni?"

Kraisorn rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ọtomátíìkì náà ni. Kẹ́ ẹ ṣáà ti mọ ẹsẹ̀ tẹ̀."

Bunrueang náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí eyín ni ẹ̀rín náà mọ. Ó kórìíra ọmọkùnrin yìí dé mùdùnmúdùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti pinnu pé òun á gbà á kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀.

Àlùfáà jókòó sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ wá ṣe àlùfáà fún ìgbà òjò kan ṣoṣo ni, kò sì tíì mọ aṣọ rẹ̀ wé dáadáa. Aṣọ ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó ń fà á padà. Wọ́n ti fá irun orí àti irun òkè ojú rẹ̀ kodoro. Kraisorn tẹríba fún un, kò sì tún wo ẹ̀yìn mọ́. Àlùfáà kò sọ nǹkan kan, ó dijú bí ẹni tó ń sùn.

Bunrueang fi jíà sí D, jíà ìrìn ojoojúmọ́, wọ́n gbéra.

Ọ̀nà yìí kan náà ni Kraisorn gbé Phikun gbà lọ́dún tó kọjá. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé bíréèkì jóná, pé òun já bọ́ sílẹ̀ ní kọ́nà, ọkọ̀ sì gbé ìyàwó òun wọ ọ̀gbun. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò fa jíà wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè dẹwọ́ eré. Ó sunkún. Ó ní ọmọ Bangkok lòun, ibi tí kò sí òkè. Òun ò mọ̀ pé èèyàn lè fọwọ́ yí jíà ọkọ̀ ọtomátíìkì, D nìkan lòun mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ náà sí àgbákò.

Ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́. Bunrueang kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Nígbà tó yá, òórùn jíjó gba inú ọkọ̀.

"Màmá, ẹ máa gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Tí mo bá gbé e, a ó máa sáré."

"Ẹ fa..." Kraisorn gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kí ni kí n fà?"

"Kò sí nǹkan kan."

Kọ́nà náà yọ, pẹ̀lú ojúbọ kékeré tí àwọn awakọ̀ to ère kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sí. Bunrueang fọn fèrè ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí gbogbo awakọ̀ ti ń ṣe níbẹ̀.

"Phikun, a ti dé o," ó wí. Kraisorn kò pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ láti kí òkú. Ẹsẹ̀ Bunrueang ló ń wò.

Bíréèkì rì títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀.

"Kò mú mọ́," ni Bunrueang wí, wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá jọ kú, ó ti gbà bẹ́ẹ̀.

Kraisorn ki ọwọ́ bọ àárín àwọn méjèèjì. Ó tẹ bọ́tìnnì ara ọ̀pá jíà, ó fà á sí 2, jíà tó ń dín eré kù. Ẹ́ńjìnì bú. Kò kánjú, ó dúró kí eré dínkù kó tó fà á sí L, jíà tó lọ́ra jù, ó fi ọwọ́ kejì darí ọkọ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó sì fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ dúró.

Ó yíjú sí Bunrueang. "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Ẹni tó bá fi D sọ̀kalẹ̀ òkè, ikú ló ń pè. Láti kékeré ni bàbá mi àgbà ti kọ́ mi lórí òkè Nan. Ẹ máa wọ 2, ẹ jẹ́ kó fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó wọ L."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Bunrueang wí. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, àlùfáà fa aṣọ rẹ̀ padà sí èjìká, ó la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà, ohùn tó sì jáde ni ohùn ọ̀gá ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Kraisorn lọ́dún tó kọjá: "Ọ̀gbẹ́ni Kraisorn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi, ẹ ní D nìkan lẹ mọ̀?"