Baálé Inú Àwo

Lọ́jọ́ tí aránṣọ náà gbé dígí ojú tí ìyàwó rẹ̀ gbàgbé sílé wá sí ilé àyẹ̀wò tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ló bá wọlé. Ó ní, "Ìwọ tó ń wá ohun tí ojú ò lè rí, o ò rí dígí tó wà lórí tábìlì." Kí ìyàwó tó dá a lóhùn, ó ti fi ìka tẹ inú àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti tẹ́ oúnjẹ kòkòrò sí. "Ó yá, wò mí bóyá mo mọ́."

Kòkòrò àìfojúrí tó hù níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń pani lára. Ìyàwó bu bíńtín lé orí fàdákà tí wọ́n lọ̀ títí tó fi kúná ju èéfín lọ, ó fi ẹ̀rọ tan iná pupa tín-ín-rín sí i. Iná náà ta padà, fàdákà fi agbára kún un, kọ̀ǹpútà sì yà á ní ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Irú kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. A máa ń dá a mọ̀ bí a ṣe ń dá ohùn ará ilé mọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, àwo yẹn ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò láràárọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ti aláìsàn. Gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é ní Baálé. Ìyàwó aránṣọ ló ń bọ́ ọ, òun ló ń bù ú sínú àwo tuntun. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn alábẹ̀wò máa wá yẹ ẹ̀rọ náà wò, ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ẹ̀ka mìíràn, tí wọ́n ti sọ ní Rédíò nítorí ẹnu rẹ̀, yọ okùn iná fíríjì tí Baálé wà nínú rẹ̀ kó lè fi iná sí fóònù. Ó gbàgbé láti dá a padà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé lọ́jọ́ Ajé, ohun funfun bí òwú ti bo Baálé mọ́lẹ̀.

Ìyàwó aránṣọ jókòó.

Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ní, "Àwọn alábẹ̀wò á fẹ́ kí ìlà Baálé bá ti àtẹ̀yìnwá mu lójú wọn. Bí a ò bá rí irú kòkòrò yẹn gan-an, wọ́n á kó ẹ̀rọ lọ."

"Kí ló wá le níbẹ̀?" ni Rédíò wí. "Ṣebí lára ọkọ Màmá ló ti wá. Ẹ ní kí bàbá wá tún ìka tẹ̀."

Ọ̀gá wo bàtà ara rẹ̀.

"Wọn ò lè wá," ni ìyàwó aránṣọ dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ṣẹ̀, mo sì mọ àgbà bẹ̀."

"Wọn ò ní dá ẹ lóhùn."

"Áà, bàbá yìí lágídí o."

"Púpọ̀." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó ṣí àwo tuntun, ó sì tẹ ìka ara rẹ̀ sínú rẹ̀.

"Màmá, ìka yín kọ́ là ń wá."

"Láti ìgbà èwe la ti jọ sùn lórí ìrọ̀rí kan. Ohun tó wà lára ẹnì kan á ti ràn mọ́ ẹnì kejì."

"Màmá, ẹ rọra, ọmọdé wà níbí."

Oríṣiríṣi kòkòrò ló hù nínú àwo náà. Níwájú àwọn alábẹ̀wò, ìlà àkọ́kọ́ kò jọ ti Baálé. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kò jọ ọ́, òógùn sì bo Rédíò. Ìyàwó aránṣọ nu dígí ojú rẹ̀, ó bu òmíràn, ó tan iná. Ìlà náà gun orí ti àtijọ́, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Àwọn alábẹ̀wò wo ara wọn, wọ́n mi orí. Wọn ò kó ẹ̀rọ lọ.

"Màmá, ẹ bá mi kí bàbá nílé," ni Rédíò wí bó ti ń bu tíì fún gbogbo wọn. "Ẹ ní kí wọ́n má bínú."

"Wọn ò bínú," ó ní, ó sì gbé àpò rẹ̀.

Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti sin aránṣọ náà, ohun kan ṣoṣo tó kù lára rẹ̀ tó ṣì wà láàyè sì ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ sílé lórí ìka.